Ìdáhùn Ìyá Mi sí Obìnrin inú Fóònù

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n máa ń fún wa ní ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilé iṣẹ́ wa ní Lẹ́kkí Free Zone. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á sáré lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Èmi á sáré lọ sí ibi tí a ń kó fóònù pamọ́ sí. Àmì róbótó kan péré ni mo ń wá lọ. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ọmọ mi jẹun lánàá, inú kò run ún, ó sùn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ó yẹ kí a la ojú wa. Bí ó bá jẹ́ pupa, wàhálà ti dé. Fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta, àwọ̀ ewé ni mo ń rí.

"Ọmọ́wùnmí, ìwọ àti fóònù yìí," Rẹ̀míláyọ̀ á wí, ẹni tí a jọ ń di ọṣẹ sínú páálí. "Ṣé ọkọ tuntun ló wà níbẹ̀ ni?"

"Ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

"Ọmọ inú fóònù! Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun."

"Ó mà kú iṣẹ́ o. Èmi tí mo wà níta fóònù ò tíì jẹun."

A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Tiwátọ́pẹ́ ni orúkọ ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé ọ̀kan nínú wọn ló mú àbúrò rẹ̀ dání wá. Ọdún tí bàbá rẹ̀ kú ni inú rírun náà bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ pè é ní ìbànújẹ́, a pè é ní aràn, a pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, kí a tó rí ẹni tí ó mọ ohun tó ń jẹ́. Dókítà Fọláránmi, ní ilé ìwòsàn kan ní Lẹ́kkí Phase 1, ya ìfun sórí ìwé bí odò tó ń lọ́ kiri, ó sì fi bírò pupa kan ibi mẹ́ta nínú rẹ̀.

"Ọgbẹ́ ló wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí," ó ní. "Kì í ṣe àìsàn tí a ń wò lẹ́ẹ̀kan kó lọ pátápátá. Ó máa ń sùn, ó sì máa ń jí. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a tètè mọ̀ nígbà tó bá jí. Oúnjẹ ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí inú tó run ọmọ náà gidi, kí a tó rí ẹ̀jẹ̀, á ti máa fi oúnjẹ sílẹ̀."

Nítorí èyí ni Àǹtí Fàrídà, tí ń bójú tó oúnjẹ àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn náà, ṣe fi áàpù kan sínú fóònù ìyá mi. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni Tiwátọ́pẹ́ ń gbé ní Ṣàngótẹ̀dó, nítorí pé ìdájí ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sì ń padà wálé. Ìyá mi lè ka Bíbélì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n wọn ò ní tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù láéláé. Àǹtí Fàrídà wá yan èyí tí ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fóònù á dún, obìnrin kan á sì sọ̀rọ̀ jáde nínú rẹ̀, ní Yorùbá tó mọ́ lóló:

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ara Tiwátọ́pẹ́ le? Ṣé ó jẹun dáadáa? Ṣé inú kò run ún?"

Ìyá mi á tẹ bọ́tìnnì pupa, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì tún un tẹ̀ kí ó lè dákẹ́. Ẹ̀rọ náà á kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní ìlà kan, á fún ọjọ́ náà ní àwọ̀. Èmi á rí i níbi iṣẹ́, Àǹtí Fàrídà á rí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà sọ̀rọ̀, níwájú Àǹtí Fàrídà ni, ìyá mi tún gèlè wọn ṣe kí wọ́n tó dá a lóhùn.

"Ta ló bí ọmọ yìí?" wọ́n béèrè. "Ohùn rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ̀rọ ni, Mà."

"Ẹ̀rọ tó mọ̀ pé a máa ń kí àgbà kí a tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó sàn ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ronú sí ohun tí wọ́n sọ yẹn.

Ọmọ etí ọ̀sà ni ìyá mi. Bàbá wọn máa ń dẹ ìgèrè sínú omi níbi tí ilé alájà mẹ́rin dúró sí báyìí. Nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀ ìdílé tán, yàrá méjì ló kù fún wọn, àti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan lẹ́bàá omi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Ìyá Àdúrà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á tan àbẹ́là kan, wọ́n á gbé ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kúnlẹ̀ lórí ẹní ní igun yàrá. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti mọ òfin ilé wa: bí ìyá mi bá ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí oníkálùkù bọ́ síta. Ẹni tí ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kò sí nílé, wọ́n máa ń wí. Ẹ má ṣe tẹ́tí sí ẹni tí kò sí nílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Tiwátọ́pẹ́ ń mu ife mẹ́rin mílíìkì àkànṣe tí ilé ìwòsàn fún un lóòjọ́, ó ń lo tábúlẹ́tì oògùn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń kún. Nígbà tí a padà lọ, ó wọ̀n kílò mẹ́rìnlélógún. Dókítà wo àwọ̀ ewé tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí a dá tábúlẹ́tì náà dúró, kí mílíìkì náà di ife kan lóòjọ́, kí ọmọ máa jẹ oúnjẹ ilé bí àwọn ọmọ yòókù. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ogójì ọjọ́.

Láàárín ogójì ọjọ́ yẹn, àwọ̀ ewé ni mo ń rí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan mo rí i pé wọ́n fi píìnì mú síkẹ́ẹ̀tì ọmọ mi ní ìbàdí.

"Mà, ṣé Tiwa ń jẹun?"

"Ó ń jẹun. Ṣé o ò rí i nínú fóònù ni?"

Mo ti rí i nínú fóònù. Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tiwa, ṣé inú ń run ọ́?"

Ó wo ọ̀nà yàrá ìyá mi kí ó tó dáhùn. "Ara mi le, Màmí."

Mo sọ fún ara mi pé gíga ló ń ga, pé ọmọ tó bá ń ga máa ń rù. Kò sí irọ́ tí ìyá ọmọ ò lè pa fún ara rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ń dúró dè é ní ọjọ́ Ajé. Mo tún píìnì náà fi sí i kí ó má baà gún un.

Ọjọ́ tí ogójì náà pé jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, àwa mẹ́ta sì lọ sí Phase 1. Àǹtí Fàrídà gbé Tiwátọ́pẹ́ sórí òṣùwọ̀n. Ó wò ó. Ó ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, ó pa òṣùwọ̀n náà, ó tún tan án, ó ní kí ó gun orí rẹ̀ padà. Ogún kílò ló wọ̀n, ó lé díẹ̀. Àǹtí Fàrídà jáde lọ pe dókítà.

Dókítà Fọláránmi fi ọwọ́ tẹ inú ọmọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó dé apá ọ̀tún nísàlẹ̀, Tiwátọ́pẹ́ gé ètè rẹ̀ jẹ.

"Ṣé ibẹ̀ ń dùn ọ́?"

"Ara mi le, sà."

Dókítà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwọ̀ ewé. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí sí mi.

"Mà, ohun tó ń dààmú mi nìyí. Ká ní ọmọ yìí kò jẹun ni, ǹ bá ní oúnjẹ ni kò tó. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ogójì ọjọ́ gbáko, ó sì tún pàdánù kílò mẹ́ta ààbọ̀. Ó jọ pé ibì kan nínú ìfun náà ti bàjẹ́ kọjá ohun tí oúnjẹ tàbí oògùn lè tún ṣe. Mo fẹ́ kí dókítà oníṣẹ́ abẹ rí i ní ọjọ́ Ajé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀."

Ó fi sùúrù sọ ọ́. Mi ò lè bínú sí i. Mo kàn gbọ́ "gé," etí mi sì di.

Tiwátọ́pẹ́ ló béèrè ọ̀rọ̀, lọ́wọ́ Àǹtí Fàrídà, ní ohùn kékeré. "Àǹtí, tí wọ́n bá gé e, ṣé ó máa hù padà?"

Àǹtí Fàrídà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Rárá, ọmọ mi. Kì í hù padà."

Láti ìgbà tí a ti wọlé ni ìyá mi ti jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọ́n di bàtà ọmọ náà mú lórí itan wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ láì gbé ojú sókè.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Kí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá?" dókítà béèrè.

"Ọmọ náà kì í jẹun."

Dókítà tọ́ka sí kọ̀ǹpútà. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ń jẹun, Mà. Ní gbogbo àárọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ: 'A dúpẹ́, ara ń le, ó jẹun.' 'A dúpẹ́, kò sí ewu.' 'A dúpẹ́.' 'A dúpẹ́.'"

"Ó kí mi ni!" Ohùn ìyá mi ga, bí ẹni pé a fi ẹ̀sùn olè kàn wọ́n. "Ó kí mi káàárọ̀, ó ní ṣé ara ọmọ le. Kí ni kí n sọ? Ta ló ń fi àrùn dáhùn ìkíni? Ṣé bí ìyá tìrẹ bá kí mi ní títì, ma wá máa ka iye ìgbà tí ọmọ mi yàgbẹ́ fún un?"

Dókítà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí àwọn yòókù nínú yàrá yẹn ò mọ̀. Ìyá mi bí ọmọkùnrin kan ṣáájú mi, Olúwaṣèyítán. Ọmọ ọdún méje ni, ìgbẹ́ gbuuru ló mú un. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ó fi dùbúlẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kọjá létí omi tí ó sì kí ìyá mi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún: ọmọ mi ò jẹun, ọmọ mi ò lè dìde. Wọ́n ń wá ẹni tí ó máa mọ nǹkan kan ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan ládùúgbò sọ fún wọn pé, "Ẹnu rẹ lo fi ń pè é lójoojúmọ́. Ó gbọ́, ó sì wá." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá mi sọ ọ́ fún mi, ní ọjọ́ tí mo bí Tiwátọ́pẹ́. Láti ìgbà ìsìnkú náà, kò sí ẹ̀dá alààyè tó gbọ́ lẹ́nu wọn rí pé nǹkan ń ṣe ọmọ.

"Màmá," dókítà wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ohun tí mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Báwo ló ṣe ń jẹun tó? Ìgbà mélòó ló ń lọ sí ilé ìgbẹ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí a dín mílíìkì kù ni gbogbo rẹ̀ yí padà, ọ̀nà mìíràn wà. Bó bá ti wà tipẹ́tipẹ́, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ bá mi rántí."

Mo rí i pé ìyá mi fẹ́ sọ ọ́, mo sì rí i pé ẹnu wọn kò gbà. Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, bí ẹni pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tẹ́tí.

"Mọ́mì Àgbà mọ̀ ọ́n," Tiwátọ́pẹ́ wí.

"Tiwa, dákẹ́," mo ní.

"Wọ́n mọ gbogbo ẹ̀, Màmí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run nírọ̀lẹ́. Ó wà nínú fóònù náà. Bí obìnrin yẹn bá béèrè ọ̀rọ̀ tán, Mọ́mì Àgbà máa ń gbàgbé láti pa á kí wọ́n tó kúnlẹ̀."

Ìyá mi yíjú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o máa ń tẹ́tí ni?"

"Fèrèsé ò ní gíláàsì, Mọ́mì," ọmọ náà dáhùn, ó sì sá sẹ́yìn mi.

Àǹtí Fàrídà ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń wo ibi tí wọ́n ń to ohùn pamọ́ sí. Ti àárọ̀ kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ti ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú méjìlá, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ogún ìṣẹ́jú. "Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń kọ sílẹ̀," ó wí ní ohùn ìsàlẹ̀. "Mo rò pé ariwo ilé ni ìyókù." Ó na ìka rẹ̀ láti tẹ ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi í sí itan rẹ̀.

"Mà, àdúrà yín ni. Bí ẹ ò bá ní kí n gbọ́ ọ, mi ò ní gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run mi ni," ìyá mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Kò sí ẹni tó rọ̀ wọ́n. Níta, ẹnìkan ń pe orúkọ ọmọ mìíràn pé kí ó wá gba àbẹ́rẹ́. Ìyá mi wo Tiwátọ́pẹ́ tó yọjú lẹ́yìn mi, tó fi ọwọ́ kan di ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú níbi tí píìnì wà. Wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé bàtà ọmọ náà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ tiwọn, ọ̀kan, èkejì, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn," wọ́n ní. "Kí ẹ sì bọ́ bàtà yín."

Dókítà wò mí. "Bàtà, Mà?"

"A kì í wọ bàtà dé ibi tí à ń lọ yìí."

Dókítà Fọláránmi tú okùn bàtà rẹ̀. Ihò wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan, àtàǹpàkò yọrí jáde. Tiwátọ́pẹ́ rí i, ó bo ẹnu rẹ̀. Àǹtí Fàrídà bọ́ tirẹ̀, èmi náà bọ́ tèmi, a dúró lórí táìlì tútù bí ẹni tí ń dúró de omi. Nígbà náà ni ìyá mi ní kí Àǹtí Fàrídà tẹ̀ ẹ́.

Ohùn wọn jáde, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kí ènìyàn. Ó rẹlẹ̀, ó sì ń lọ tààrà.

"Olúwa, Ìwọ tí kì í tòògbé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lónìí. Mo gbé ọmọ náà wá. Láàárọ̀, ògì, ó lá a ní ṣíbí mẹ́rin, ó fi ìyókù sílẹ̀. Lọ́sàn-án, mo se ìrẹsì tó rọ̀, mo yọ egungun ẹja rẹ̀ fún un. Kò fẹnu kàn án. Nírọ̀lẹ́ ó mu mílíìkì rẹ̀ tán, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó lọ sí ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀méje. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú méjì. Mo gbé ẹ̀jẹ̀ náà wá síwájú Rẹ, nítorí mi ò lè gbé e síwájú ènìyàn. Olúwa, O ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Mi ò bá Ọ ṣe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní òmíràn láti fún Ọ."

Àǹtí Fàrídà ń sunkún, kò sì nu ojú rẹ̀, nítorí ó ń kọ̀wé. Ṣíbí mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀méje. Méjì. Ó tẹ ti ọjọ́ kejì, ó tẹ ti ọjọ́ tó ṣáájú. Gbogbo rẹ̀ ló pé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti iye rẹ̀. Wọn kò fi ohunkóhun pamọ́ fún Ọlọ́run, wọn kò sì fi nǹkan kún un. Ìyá mi dúró lẹ́sẹ̀ lásán láàárín yàrá, wọ́n di ojú wọn, ètè wọn ń mì tẹ̀lé ohùn ara wọn. Mo di ọwọ́ wọn mú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn, ogójì ọdún ó dín méjì, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

A gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́yìn títí dé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún, òótọ́ ni àwọ̀ ewé náà. Ẹ wò ó: 'ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bu sí i.' Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin tí a dín mílíìkì kù, tí a sì dá tábúlẹ́tì dúró nìyẹn." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Àìsàn náà ti jí. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ó jí. A ó dá mílíìkì padà, ife mẹ́fà lóòjọ́, òun nìkan, kò sí oúnjẹ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A ó sì dá tábúlẹ́tì padà. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí a gbé e sẹ́yìn ná. Mi ò ní pé a ti bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà."

Ìyá mi la ojú wọn. "Ká ní mo ti tètè sọ ọ́ ńkọ́?"

Dókítà ronú kí ó tó dáhùn. Mo dúpẹ́ pé ó ronú. "À bá ti dá mílíìkì náà padà láti oṣù tó kọjá, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwa ni a ò gbọ́."

Bí a ṣe ń wọ bàtà, Àǹtí Fàrídà ní òun máa sọ fún àwọn tó ṣe áàpù náà pé kí obìnrin yẹn má kí ènìyàn mọ́, kí ó kàn máa béèrè iye ṣíbí.

"Háà, má bá a wí o," ìyá mi ní. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Jẹ́ kí ó máa kí mi, ma máa dá a lóhùn. Bí a bá kí ara wa tán, ma sọ ìyókù fún Ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún. Ìwọ náà, bọ́ bàtà rẹ, kí o sì jókòó síbi tí wàá ti gbọ́."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ní agogo mẹ́wàá, mo ṣí fóònù mi, mo sì rí pupa. Àyà mi já. Lẹ́yìn náà mo rántí pé Àǹtí Fàrídà ló ń yan àwọ̀ báyìí lẹ́yìn tó bá gbọ́ àdúrà, pé òótọ́ ni mo ń wò, ọkàn mi sì rọlẹ̀ lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé.

"Ọmọ inú fóònù ńkọ́?" Rẹ̀míláyọ̀ béèrè, búrẹ́dì lẹ́nu. "Ṣé ó ti jẹun?"

Ìdáhùn tí mo máa ń fún un ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Kò jẹ oúnjẹ, Rẹ̀mí. Ara rẹ̀ ò yá. Ó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ò ti yá."

Rẹ̀míláyọ̀ dẹ́kun jíjẹ. Ó jókòó tì mí lórí páálí ọṣẹ, kò sì bá mi ṣàwàdà títí agogo fi dún. Kí a tó dìde, ó bi mí léèrè orúkọ ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ gan-an, ó ní òun fẹ́ máa fi pè é.

Àwọ̀ pupa náà wà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó di ìyeyè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo rí ewé kan, lẹ́yìn náà ìyeyè méjì, lẹ́yìn náà ewé. Nígbà tí a padà sí orí òṣùwọ̀n, Tiwátọ́pẹ́ ti di kílò méjìlélógún ààbọ̀. Dókítà ní kí oníṣẹ́ abẹ máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, a ò nílò rẹ̀ mọ́. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kí ìyá mi má sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo dé ilé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Àbẹ́là ti wà ní títàn, ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù sì wà lórí ẹní láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà," obìnrin náà wí. "Ṣé ara Tiwátọ́pẹ́ le? Ṣé ó jẹun dáadáa?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Kú iṣẹ́ o." Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. "Olúwa, Ìwọ tí kì í tòògbé, àti Fàrídà tó ń gbọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lónìí. Mílíìkì, ife márùn-ún."

"Mẹ́rin àti ààbọ̀, Mọ́mì." Tiwátọ́pẹ́ kò jáde síta mọ́ bí wọ́n bá kúnlẹ̀. Ó jókòó sí etí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ.

"Mo rò pé o mu ún tán."

"Mo fi ààbọ̀ sílẹ̀. Ó wà nínú ife lórí tábìlì."

Ìyá mi ò bá a wí. Wọ́n yí ojú wọn padà sí àbẹ́là.

"Olúwa, ó ní mẹ́rin àti ààbọ̀ ni. Ó fi ààbọ̀ sílẹ̀."